Ríra drum set àti títò ó kó dún dáadáa: ìtọ́sọ́nà fún onílù àti ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékìtì

Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní drum set ti ń di ọ̀wọ́n l'Ékìtì. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìfàkì, láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè dé Òmùò, bí ẹ bá gba iwájú ilé ìjọsìn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Èyí tó dún dáadáa gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Kick, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, á máa dún bí odó iyán, snare, èyí tó ní wáyà lábẹ́, á máa ké lẹ́yìn tí onílù ti gbé ọwọ́ kúrò, tom mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ìlù yòókù, á sì máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìgbìmọ̀ á pàdé, wọ́n á ní ìlù yìí ti gbó, ẹ jẹ́ ká dáwó fún tuntun.

Lójú tèmi, lọ́pọ̀ ìgbà, ìlù kọ́ ló gbó. Awọ orí rẹ̀ ló ti kú, kò sì sí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí bóòtù awọ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá ra tuntun, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí i láàárín ọdún kan. Nítorí náà, mo máa sọ̀rọ̀ lórí ríra, torí pé òun ni gbogbo èèyàn ń béèrè, ṣùgbọ́n orí awọ àti dídè, ìyẹn yíyí bóòtù rẹ̀ títí ohùn á fi dọ́gba, ni mo máa pẹ́ sí jù.

Kí ẹ tó yọ owó

Ibi tí ìlù máa gbé ló ń sọ irú èyí tó yẹ kí ẹ rà. Ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó ń gbé yàrá kan n'Íwòròkò, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ẹni tó ń kàwé ìdánwò, kò ní í rí nǹkan fi ìlù onígi ṣe ju kí wọ́n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun lánlọ́ọ̀dù. Ìlù oníná ló bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì dípò rọ́bà líle. Á ki ẹ̀rọ bọ etí, á máa lù ú lóru, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀. Bó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé ṣá, kó tẹ́ fóòmù nípọn sábẹ́ pẹ́dà, torí pé ìró ẹsẹ̀ a máa gba ilẹ̀ lọ bá ẹni ìsàlẹ̀.

Fún ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù onígi ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín ìṣọ́ òru, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, ìlù onígi kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìlù oníná nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lágbára kí kick rẹ̀ tó lè dé ìdí ilé, bí àpótí tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe kò pọ̀ nítòsí. Ti onígi, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan àti sùúrù ló ń tún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe.

Àwọn ẹgbẹ́ olórin tó ń lọ òde ìsìnkú ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ìlù tó fúyẹ́, tó sì lè wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú àwọn spíkà, lẹ fẹ́. Ẹ ra àpò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìlù mélòó ló tó?

Èyí tí wọ́n ń pè ní ìlù márùn-ún ló wọ́pọ̀: kick kan, snare kan, tom kéékèèké méjì, àti floor tom tó ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọn kì í ka cymbal, àwọn àwo irin rẹ̀, mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn kí wọ́n gbọ́ pé méje ni, kó lè kún orí pẹpẹ. Kò sí ohun tí méje fi dára ju mẹ́rin lọ bí ẹni tó ń lù ú kò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lo mẹ́rin. Ringo Starr jókòó sídìí ìlù Ludwig onímẹ́rin nígbà tí ẹgbẹ́ Beatles ń gba ayé kan ní ọdún 1964, kò sì sẹ́ni tó ní ìlù rẹ̀ kò pé. Owó tí ẹ bá fi yọ tom méjì kúrò, ẹ fi ra cymbal gidi.

Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn ìlù, láti ẹnu dé ẹnu. Oríṣi ìtò méjì ló pọ̀ lọ́jà. Èkíní ni kick 22, tom 12 àti 13, floor tom 16. Èkejì kéré sí i: kick 22 tàbí 20, tom 10 àti 12, floor tom 14. Snare 14 ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Bí gbọ̀ngàn yín kò bá tóbi, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ bíríkì rírẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ táìsì, ìtò kékeré ni kí ẹ mú, kí kick rẹ̀ sì jẹ́ 20. Ó rọrùn láti dè, ó rọrùn láti gbé, kò sì ní í bo ohùn àwọn akọrin mọ́lẹ̀. Fún ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìtò kékeré náà ló dáa, torí pé ọwọ́ rẹ̀ á tó gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ń tajà á sọ̀rọ̀ igi fún yín títí: poplar, birch, maple, mahogany. Òótọ́ ni pé igi ń yí ohùn padà. Poplar ló pọ̀ lára ìlù olówó pọ́ọ́kú, birch máa ń dún ṣàkó, maple sì máa ń móoru létí. Ṣùgbọ́n ìlù poplar tí awọ rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí wọ́n dè dáadáa, á dójú ti ìlù maple tí awọ rẹ̀ ti kú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi gba owó awọ lọ́wọ́ yín.

Bí mo bá ń bá ìgbìmọ̀ pín owó, bí mo ṣe ń pín in rèé. Ká ní ọ̀nà mẹ́wàá ni owó náà: ó pọ̀ jù, kí márùn-ún lọ sórí ìlù fúnra rẹ̀. Mẹ́ta fún cymbal. Méjì tó kù fún àga onílù, pẹ́dà, awọ àfirọ́pò àti rọ́ọ̀gì. Àga àti pẹ́dà ni àwọn èèyàn máa ń fojú kéré jù, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ni onílù ń fi ara kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀

Ojúlówó tòkunbọ̀ sàn ju tuntun tí kò lórúkọ lọ. Yamaha Stage Custom tàbí Pearl Export tó ti ṣe ọdún mẹ́wàá nílẹ̀ òkèèrè ṣì lè bá yín ṣe ogún ọdún sí i, torí pé igi kì í tètè gbó. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ síwájú kick kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ orúkọ lé awọ iwájú. Ara ìlù gangan ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ìlù àti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣí awọ tom kan. Ibi tí awọ ti ń jókòó lórí igi, etí tó mú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ni gbogbo ohùn ìlù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ da ẹnu ìlù náà dé orí gíláàsì tàbí táìsì tó tẹ́jú dáadáa, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti òkè, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ yíká. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá yọ níbì kankan, etí rẹ̀ tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbi kan, igi náà ti wọ́ tàbí etí rẹ̀ ti fọ́, kò sì sí bí ẹ ṣe máa dè é tí ohùn rẹ̀ á fi dọ́gba. Ẹni tó ń tajà lè bi yín pé, «Ẹ̀gbọ́n, ṣé eku lẹ ń wá níbẹ̀ ni?» Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí gbogbo bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń yí lófo láìdi nǹkan mú, ihò rẹ̀ ti jẹ. Ọ̀kan ṣeé fara mọ́ bí ẹ bá lè rí irú rẹ̀ rà. Bí ó bá ti ju méjì lọ, ẹ lọ síwájú. Ẹ wo òrùka irin tó di awọ mú: ẹ gbé e lé ilẹ̀ tó tẹ́jú, bó bá ń mì, ó ti wọ́. Lára snare, ẹ tan ọwọ́ irin tó ń gbé wáyà ìsàlẹ̀ sókè sílẹ̀, kí ẹ rí i pé ó ń dúró níbi tí ẹ bá fi í sí. Àwọn ẹsẹ̀ irin, ẹ mú gbogbo ìdè wọn le kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ báyìí, á sọ̀ kalẹ̀ láàárín orin ìyìn.

Ìpẹtà orí irin kò yẹ kó dẹ́rù bà yín bí kò bá jinlẹ̀. Igi tó ti gbọ́ omi ni kí ẹ sá fún: ẹ wo inú rẹ̀, bí ìpele igi bá ti ń ṣí kúrò lára ara wọn, ó ti parí.

Bí Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ ti rà á, ẹ di í fún ọ̀nà wa. Kòtò tó wà lójú pópó láti Itáwùrẹ́ títí dé Arámọkọ máa ń tú ìdè tí ọwọ́ dì. Ẹ tú gbogbo nọ́ọ̀tù cymbal àti fẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ kó wọn sínú ike kan, kí ẹ sì mú ike náà sínú báàgì ara yín. Cymbal, ẹ fi páálí sáàárín wọn. Ẹ má tò ó sísàlẹ̀ àpò ìrẹsì ẹnikẹ́ni.

Cymbal

Orí rẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ìlù tó wá nínú páálí kan pẹ̀lú cymbal rẹ̀, idẹ ni cymbal yẹn máa ń jẹ́, bàbà tí wọ́n pò mọ́ síǹkì. Á dún bí ìdérí ìkòkò. Àwọn tó dáa jù ú lọ, bàbà àti tánganran ni wọ́n pò pọ̀: oríṣi kan ní tánganran 8 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó wọ́n jù sì ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Oní-8 máa ń dún gooro, ó sì máa ń la ariwo kọjá, ó tó ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀. Oní-20 ní ohùn tó jinlẹ̀ tó sì fẹ̀ sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hi-hat 14 (àwo méjì tí ẹsẹ̀ ń pa dé), crash 16 kan (èyí tí wọ́n ń gbá láti fi tẹnu mọ́ orin) àti ride 20 (àwo ńlá tí stick ń lù léraléra). Bí owó kò bá tó, hi-hat ni kí ẹ ra èyí tó dáa nínú rẹ̀, torí pé kò sí orin kan tí ọwọ́ kò ní í dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti fetí sí Tony Allen, onílù Fẹlá, nínú Afrobeat mọ ohun tí hi-hat lè sọ. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi èékánná tọ etí cymbal yíká. Ibi tí èékánná bá há sí, ìlà fífọ́ wà níbẹ̀, á sì máa gùn sí i ni. Ẹ wo ihò àárín pẹ̀lú: bó bá ti di gígùn dípò roboto, irin ló ti ń jẹ ẹ́.

Ohun tó ń fa ìyẹn kò ju rọ́bà kékeré kan tó yẹ kó wà láàárín cymbal àti irin tó gbé e dúró. Ó máa ń sọnù. Ẹ gé díẹ̀ lára rọ́bà tí epo ń gbà lára ọ̀kadà, ẹ ki í bọ irin náà, ó ti parí. Kí ẹ má sì de nọ́ọ̀tù orí cymbal pa; ó gbọ́dọ̀ lè máa fì. Cymbal tí wọ́n dì pinpin ló ń fọ́.

Títò: àga ló ṣáájú

Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ohunkóhun, èyí tó tó mítà méjì níbùú lóròó. Lórí táìsì lásán, kick á máa rìn lọ bá olùdarí orin. Ẹ yọ ẹnu ṣóńṣó ẹsẹ̀ kick méjèèjì síta kó lè gún rọ́ọ̀gì.

Lẹ́yìn náà, àga. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń fi àga ike funfun lu ìlù, wọ́n á wá máa kígbe ẹ̀yìn dídùn lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Ẹ jókòó, kí itan yín dà sísàlẹ̀ díẹ̀ láti ìbàdí sí orúnkún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ pátápátá. Láìtíì gbé ìlù kankan sún mọ́ yín, ẹ ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá balẹ̀ sí ni pẹ́dà kick á wà. Ibi tí tòsì bá balẹ̀ sí ni ti hi-hat. Ìlù ló máa wá bá yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ bá ìlù. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì lẹ fi ń ṣe nǹkan, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà sódìkejì.

Ẹ wá gbé snare sáàárín itan méjèèjì. Kí òrùka rẹ̀ ga ju itan lọ ní bí ìka mẹ́ta, kí ọwọ́ má baà máa gbá itan. Kí ó tẹ́jú tàbí kó dà díẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Pẹ́dà kick: ẹ dì í mọ́ òrùka kick láàárín gbùngbùn, kí orí òòlù rẹ̀ sì máa bá awọ ní àárín tàbí sókè díẹ̀ sí àárín. Sípíríǹgì rẹ̀ ni kó kàn máa dá òòlù padà. Bó bá le jù, ẹsẹ̀ á rẹ̀ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀.

Hi-hat: kí àwo òkè àti ìsàlẹ̀ jìnnà síra tó bí ìbú ìka kan nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ yí ìdè kékeré tó wà lábẹ́ àwo ìsàlẹ̀ kí ó dà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; bí méjèèjì bá tẹ́jú pátápátá, afẹ́fẹ́ á há sáàárín wọn, ohùn rẹ̀ á sì pa rẹ́. Tom méjèèjì, ẹ gbé wọn rẹlẹ̀ kí wọ́n sì sún mọ́ra, kí wọ́n dà díẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Àṣà kan wà níbí tí wọ́n ń dà wọ́n títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan. Ó dáa fún fọ́tò, ṣùgbọ́n orí stick á máa gún awọ ní kòtò dípò kó bọ́ lé e lórí pẹrẹsẹ. Floor tom bá snare dọ́gba ní gíga. Ride ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí orí stick á ti bá a láì na ìgbọ̀nwọ́ tán. Crash wá sí ibi tó bá kù.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà níbi tó yẹ, ẹ fi téèpù sàmì sórí rọ́ọ̀gì yí ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan ká. Ṣọ́ọ̀ṣì tí onílù mẹ́ta ń lo ìlù kan á gbádùn èyí gan-an.

Awọ àti dídè

Láti bí àárín àwọn ọdún 1950 sí 1959 ni awọ oníke ti ń rọ́pò awọ màlúù lórí ìlù yìí. Ilé iṣẹ́ Evans àti Remo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́jà. Òjò àti ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, bó ṣe ń yí awọ gángan. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé kì í gbó. Ó ń gbó. Bí ẹ bá rí kòtò kéékèèké lójú rẹ̀, bí funfun ojú rẹ̀ bá ti ṣí láàárín, tàbí bó bá ń dún bákan náà bó ti wù kí ẹ dè é tó, ó ti kú. Awọ òkè snare ló ń kọ́kọ́ kú. Awọ ìsàlẹ̀, tí stick kò kàn, lè pẹ́ ọdún púpọ̀.

Awọ onípele kan máa ń dún gbangba, ohùn rẹ̀ sì máa ń gùn. Onípele méjì le, ohùn rẹ̀ kúrú ó sì nípọn. Fún àwọn onílù wa tí kò mọ̀ ju kí wọ́n fi gbogbo agbára lù ú, onípele méjì ni mo máa ń fi sórí tom, onípele kan tí ojú rẹ̀ funfun ṣákaṣàka sì lọ sórí snare. Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ wọn igi ìlù fúnra rẹ̀, ẹ má wọn òrùka irin, torí pé òrùka fẹ̀ ju igi lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú tom 12 tó ní bóòtù mẹ́fà. Ẹ gbé e kúrò lórí irin, ẹ gbé e lé rọ́ọ̀gì kí awọ ìsàlẹ̀ má baà ráyè dún. Ẹ dẹ bóòtù kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ yíká. Ẹ má tú ọ̀kan tán kí ẹ tó lọ sórí èkejì. Nígbà tí awọ bá ti kúrò, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu etí igi yíká. Ó máa yà yín lẹ́nu ohun tó wà níbẹ̀: eruku, ègé stick, nígbà míì kọ́bọ̀.

Ẹ fi awọ tuntun sí i, kó jókòó fúnra rẹ̀ láìfipá mú un. Ẹ gbé òrùka lé e, ẹ fi ìka nìkan yí gbogbo bóòtù títí ìka kò fi ní í lè yí i mọ́. Ìgbà yìí ni kọ́kọ́rọ́ wọlé. Ẹ yí bóòtù kan ní ààbọ̀, ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì, ẹ yí ìyẹn náà ní ààbọ̀, ẹ padà wá sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má yí wọn tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń de táyà lójú títì. Awọ á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín awọ mọ́lẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ń hunjọ, ibẹ̀ ni bóòtù rẹ̀ ṣì dẹ̀. Ẹ lè gbọ́ kí nǹkan dún «pákà»; gọ́ọ̀mù etí awọ ni, kò bàjẹ́. Ẹ máa bá a lọ títí kò fi ní í sí ìhunjọ kankan mọ́. Ohùn tó bá jáde nígbà yẹn ni ohùn tó rẹlẹ̀ jù tí ìlù náà lè sọ dáadáa.

Ibi tí púpọ̀ ń dúró sí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka kan kan àárín awọ fẹ́rẹ́, ẹ wá fi orí stick kan awọ níwájú bóòtù kọ̀ọ̀kan, bí íǹṣì kan sí etí. Ẹ fetí sílẹ̀. Bóòtù mẹ́fà, ohùn mẹ́fà: ọ̀kan á ga, ọ̀kan á rẹlẹ̀. Èyí tó rẹlẹ̀, ẹ yí i sókè tínńtín, ìdá mẹ́rin yíyí kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ga, ẹ dẹ ẹ́ kọjá ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá yí i gòkè padà wá síbẹ̀. Bóòtù tí wọ́n dẹ wá síbi kan kì í dúró síbẹ̀. Bí ibì kan bá kọ̀ tí kò gbọ́, ẹ wo bóòtù tó wà lódìkejì rẹ̀ gan-an, torí pé òun ló sábà ń fa á. Nígbà tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti ń sọ ohùn kan náà, ẹ yọ ìka yín, ẹ lù ú láàárín. Ẹ ó gbọ́ pé ohùn kan péré ló jáde, kò gbọ̀n, kò pín.

Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ṣe ìsàlẹ̀ bákan náà. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá dọ́gba, ohùn á gùn. Bí ìsàlẹ̀ bá ga díẹ̀ ju òkè lọ, ohùn á kúrú díẹ̀, á sì jáde kedere. Èyí ni mo fẹ́ nínú gbọ̀ngàn tó ń dún padà.

Ní ti bí tom ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ pe ọ̀gá akọrin yín. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékìtì tí kò ní ẹnì kan tó mọ sol-fa. Ẹ ní kó kọ soh, mi, doh: tom kékeré ni soh, èyí tó tẹ̀lé e ni mi, floor tom ni doh. Ẹ má fi ipá gbé ìlù lọ sí ohùn tí kò fẹ́. Ẹ wá ibi tí floor tom ti dún dáadáa, kí ẹ pe ìyẹn ní doh, kí àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Snare gba ìfarabalẹ̀. Awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí bébà, kì í ṣe èyí tí ẹ lè fi awọ tom rọ́pò, ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ já wáyà sílẹ̀ ná. Ẹ de ìsàlẹ̀ kó le dáadáa, ẹ de òkè tẹ̀lé e, kó le tó kí stick máa fò padà fúnra rẹ̀. Ẹ wá gbé wáyà sókè, kí ẹ yí ìdè rẹ̀ títí ohùn snare á fi fẹ́ pa mọ́ra, kí ẹ padà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fún wáyà pa kó má baà máa pariwo nígbà tí gìtá báàsì bá dún. Kò sí bí ẹ ṣe máa mú ariwo yẹn kúrò tán. Bó bá jẹ́ tom kan pàtó ló ń fà á, ẹ sún ohùn tom yẹn kúrò níbi tó wà díẹ̀, á dínkù.

Kick rọrùn jù. Ẹ yí gbogbo bóòtù títí ìhunjọ á fi lọ, kí ẹ fi ìdá mẹ́rin yíyí kún un, ó tó. Ẹ ki ìrọ̀rí kékeré kan sínú rẹ̀ kó fara kan awọ méjèèjì fẹ́rẹ́. Ẹ má kó búláńkẹ́ẹ̀tì kún un, ìyẹn ló ń sọ ọ́ di odó. Bí ẹ bá fẹ́ ihò fún máìkì lára awọ iwájú, kó jẹ́ bí íǹṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe wà láàárín.

Awọ tuntun máa ń nà. Bí ẹ bá dè é lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ tún un gbọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

Bó bá ń pariwo jù

Bí ohùn bá ṣì gùn jù lẹ́yìn tí ẹ ti dè é, ẹ ká téèpù kékeré sí etí awọ níbi tí kò ní í dí stick lọ́wọ́. Onílù bàtá ti mọ èyí tipẹ́. Ìda tó ń lẹ̀ mọ́ ojú òjò, ojú ńlá ìyáàlù, ló fi ń tẹ ohùn lórí ba. Díẹ̀ ni òun náà ń lò. Mo ti rí snare tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù bò tán pátápátá. Irú rẹ̀, awọ tuntun ló ń fẹ́.

Ariwo inú gbọ̀ngàn, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀bi onílù, bí mo ṣe máa ń bá àwọn alàgbà ṣeré. Ògiri tó le ló ń dá a padà. Ẹ fi kọ́tìnnì nípọn kọ́ sẹ́yìn onílù, kó sì lo stick 7A dípò àwọn tó nípọn. Gíláàsì tí wọ́n ń fi yí ìlù ká kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí nǹkan rírọ̀ lẹ́yìn onílù tó ń gba ohùn mì. Ńṣe ló máa da gbogbo rẹ̀ padà sí i létí. Ìlù tí wọ́n ń lù gidi a máa kọjá desibẹ́ẹ̀lì 100, nítorí náà kí onílù ki nǹkan bọ etí, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ Sunday school jókòó sídìí rẹ̀.

Ìtọ́jú

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bò ó. Eruku ló ń wọ inú pẹ́dà àti ìdè irin. Nígbà òjò, ẹ wo òkè orí rẹ̀ kí ẹ tó pinnu ibi tó máa gbé, torí pé páànù tó ń jò kò mọ ìlù yàtọ̀ sí bẹ́ǹṣì. Bóòtù tó bá ń le, ẹ tọ́ ọ́ìlì ẹ̀kán kan sí i. Cymbal, omi àti ọṣẹ tí kò le ti tó o, kí ẹ nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o.

Floor tom kì í ṣe tábìlì. Bíbélì, fóònù, ike omi, ìgò òróró ìyàsímímọ́: mo ti rí gbogbo wọn lórí rẹ̀. Òróró ló burú jù, torí pé bó bá dà sí etí igi, kì í kúrò mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ìlù, ẹ ra mẹ́ta. Ẹ fi okùn so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ hi-hat, kí olórí onílù mú ọ̀kan lọ sílé, kí ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin. Bí onílù bá ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n yan ẹnì kan tó máa máa dè é; àwọn yòókù lè yí gíga àga, kí wọ́n sún cymbal bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi kọ́kọ́rọ́ kan bóòtù.